Ọkọ̀ Pupa àti Sùtánà Ìyá Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, láti ọjà Sákẹ́tẹ́ lọ sílé. Ọmọkùnrin tó ń wà á ti fi ru kẹ́ẹ̀gì àdín kan fún ẹlòmíràn kó tó gbé mi, oòrùn sì mú gan-an. A ò tíì rìn jìnnà tí òórùn àdín fi gba imú mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ń gbá a léjìká pé, "Dúró! Dúró, jọ̀ọ́!" mo sì ń fọwọ́ tẹ ìdí ìró mi wò. Ó ní, "Màmá, ṣé nǹkan ta yín ni?" Mo ní rárá. Ó wò mí bí ẹni ń wo arúgbó tó ti ń ṣàrán. Kò mọ̀ pé inú ọkọ̀ mìíràn ni mo ti fò sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ tó ti jẹrà kí wọ́n tó bí i.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Bí mo bá ń dìde láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má bínú. Àìlèjókòó yìí, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀.

Pọ́bẹ̀ ni a ń gbé nígbà náà. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Dàhòmẹ̀ ni a ṣì ń jẹ́, àwọn òyìnbó sì ti ń palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ti kú, àdín ni ìyá mi ń ṣe tó fi ń tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ìyábọ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣaláìní èéfín: a ó pa èkùrọ́, a ó yan án títí yóò fi dúdú, òróró rẹ̀ yóò máa kán sínú ìkòkò. Aṣọ wa, irun wa, àní ìwé tí mò ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àdín ni gbogbo wọn ń rùn. Kò sí ọmọ tuntun ládùúgbò tí wọn kì í fi àdín ìyá mi pa lára. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lè jókòó! Òkèlè kejì ni yóò fi rántí pé igbá kan wà níta tí kò tíì dojú dé. Yóò dìde. Yóò padà wá, yóò tún dìde.

Nígbà tí Ìyábọ̀ wá rí ẹni tó fẹ́, ọ̀rọ̀ di ti adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ògúndélé lorúkọ ọkùnrin náà. Fòfó Délé ni mò ń pè é, bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ó ń tún ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò kan ní ọ̀nà Sákẹ́tẹ́. Ọmọ Ohori ni, àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ìyá mi ní tirẹ̀, aláṣọ funfun ni, ọmọ ìjọ tó ṣẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Èyí tó tún wá pani lẹ́rìn-ín ni pé Èṣù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn Fòfó Délé, àdín sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọmọ aládìn-ín tó lóun fẹ́ lọ sílé tí àdín ò gbọdọ̀ wọ̀!

Ìyá mi ò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ẹbí bàbá mi sì ti ní ohun tó bá wí ni abẹ gé.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílùú wọn. Ọkọ̀ eré sísá ni, pupa, kúkurú, ẹni méjì péré ló gbà, kò ní òrùlé. Ó ti kú tipẹ́, ẹ̀yìn ilé kan ló wà tí adìẹ ń yé sí i. Wọ́n ní kí Fòfó Délé wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Bó ṣe ń wọ́ ọ kọjá níwájú ilé wa, ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Ògúndélé, ṣé òkú yìí lo fẹ́ jí? Ó dáa. Bó o bá jí i, kó o fi gbé mi lọ ṣe ìkórè ní Àjàṣẹ́. Bí sùtánà mi bá dé ọ̀hún ní funfun bó ṣe kúrò nílé, máa mú Ìyábọ̀ lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má yà sílé mi mọ́."

Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ló gbọ́. Fòfó Délé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́, Ìyá."

Ẹ̀yin ò mọ ọ̀nà Àjàṣẹ́ ayé ìgbà náà. Erùpẹ̀ pupa ni látòkè délẹ̀, aṣọ funfun sì ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò ní òrùlé gbé kọjá níbẹ̀! Láti ọjọ́ náà ni Ìyábọ̀ ti ń jó ẹ̀wà mọ́ ìkòkò.

Bí a bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, abẹ́ máńgòrò ni mò ń yà sí, nítorí ìdí tèmi náà ò gbélé. Fòfó Délé tú ẹ̀rọ ọkọ̀ náà sórí ẹní, ó fi ẹ̀sáńsì, epo ọkọ̀, fọ̀ ọ́. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn kíkúnná bó ìpẹtà kúrò lára irin rẹ̀ títí a fi ń rí eyín wa níbẹ̀. Inú ọkọ̀ ló le jù. Ìgbẹ́ adìẹ ti gan mọ́ ìjókòó, eku ti kọ́lé sábẹ́ rẹ̀, iná adìẹ ń rìn wá lápá. Ìyábọ̀ gbé ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn wá, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Awọ náà mọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe gbẹ tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ìyá mi ti búra pé òun ò ní dé ibẹ̀. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Nígbà tí ìkórè kù fẹ́ẹ́fẹ́, a rí i tó ń bọ̀ bí ẹni ń lọ síbòmíràn. Ó yí ọkọ̀ náà po. Ó fọwọ́ ra ìjókòó.

"Kí lẹ fi pa awọ yìí?"

"A ò fi nǹkan kan pa á, Ìyá."

"Ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe là bíi gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́! Awọ ni awọ ń jẹ́. Èyí tó bá gbẹ, àdín ní í rọ̀ ọ́."

Ó rán mi nílé kí n gbé ìgò wá. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń fi àdín pa ìjókòó náà bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára. Awọ náà ń mu ún, ó ń dán. Fòfó Délé ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ ilé tí àdín kì í wọ̀, kí ló mọ̀ nípa àdín? Ìyá mi sì mọ àdín tán, ọkọ̀ ni kò mọ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, òjò ti rọ̀ mọ́jú, eruku ti rọlẹ̀. Fòfó Délé tún fi aṣọ ìbora bo ìyá mi níwájú, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Mo há sí àlàfo tó wà lẹ́yìn ìjókòó, nítorí ìyá mi ní òun àti ọkùnrin nìkan kò ní jọ rìnrìn àjò. Ọkọ̀ náà wúkọ́, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì fò jáde. Ní Ìta Ìjẹ̀bú, àwọn tó ń roko sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ní Sákẹ́tẹ́, àwọn tó ń ta gààrí pariwo pé, "Ẹ wá wo áńgẹ́lì nínú ọkọ̀!" Oòrùn ti yọ. Ìyá mi ò sì jókòó jẹ́ẹ́: ó yí síbí kí àwọn ènìyàn, ó yí sọ́hùn-ún, ó ń fi ẹ̀yìn ra awọ gbígbóná náà láìsinmi.

Nígbà tí a dé Àjàṣẹ́, a ṣí ìbora náà. Funfun báláú! Mo pàtẹ́wọ́. Fòfó Délé mí kanlẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ilé ìjọsìn, mo wá rí ẹ̀yìn rẹ̀. Yéè! Láti èjìká dé ìdí, àdín ti ya gbogbo ojú rírán ìjókòó ọkọ̀ sára sùtánà.

Obìnrin kan ló kígbe pé, "Ìyá, ẹ̀yìn yín!"

Ìyá mi fa aṣọ náà wò. Ojú rẹ̀ le. Ó yíjú sí Fòfó Délé, ó la ẹnu, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ Ìyábọ̀ nílé. Ó wá gbé etí aṣọ náà símú. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ta ló mọ òórùn yẹn jù ú lọ ní gbogbo Pọ́bẹ̀? Àfọwọ́fà ni.

Kò lè wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọgbà ló dúró sí tó ń bá wọn kọrin, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ojú ń tì í. Fòfó Délé bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ kí ẹni tó ń kọjá má baà rí àbàwọ́n náà. Bí ìyá mi bá lọ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀lé e. Bó bá padà sósì, ó tún tẹ̀lé e. Báyìí ni wọ́n ṣe títí ìsìn fi parí, bẹ́ẹ̀ ni Fòfó Délé ò mọ ọ̀kan nínú àwọn orin náà.

A padà dé Pọ́bẹ̀. Ìyábọ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa kọjá lára rẹ̀, Ìyábọ̀ rí ẹ̀yìn aṣọ náà, ó bú sẹ́kún. A ń gbọ́ ìró ìgò nínú ilé. Ìyá mi jáde, ó bu àdín tó dára jù sínú ìgò tuntun, ó dì í lẹ́nu, ó gbé e sórí pẹpẹ.

Ó ní, "Ti ọmọ Ìyábọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mi ò ní gbé àdín wọ ilé wọn o. Ọmọ ni kí wọ́n máa gbé wá."

Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó jẹun tán, kò dìde.

Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà náà báyìí. Irin ọkọ̀ pupa náà kù díẹ̀ sínú igbó, ewéko ti bò ó, máńgòrò náà ti wó. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi àdín pa ọmọ tuntun lára. Ọmọ-ọmọ mi rí àbàwọ́n tí sẹ́míjàn fi sí ìró mi, ó ní kí n bọ́ ọ kí òun rẹ ẹ́ sómi. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kì í lọ. A fọ sùtánà ìyá mi títí ó fi fẹ́ ya. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní sùtánà náà ni kí a fi sin òun, nítorí ọwọ́ ara òun lòun fi kó bá a. Fòfó Délé ti hu ewú nígbà náà. Òun ló fi apá méjèèjì gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú nígbà tí a ń gbé e sínú pósí, ẹnikẹ́ni ò sì rí àbàwọ́n náà.