Àwọn Adìyẹ Ìyá Mi Ń Kéré Sí I

Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi ti ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Afá. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn oníbàárà á wá láti Ìsọlọ̀ àti Ṣógúnlé, wọn á tọ́ka sí èyí tó tóbi jù. Èyí tí kò rí ẹni rà á ló ń kù sílé, òun náà ló sì ń bímọ.

Ìgbà tí mo ń ka ìwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò ni ohun tí à ń ṣe tó yé mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n fi ìṣirò tọpa bí ohun tó ṣeé wọ̀n lára ẹ̀dá, bíi gíga tàbí ìwúwo, ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ìwúwo adìyẹ kì í ṣe àjogúnbá nìkan, oúnjẹ àti àìsàn wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó jẹ́ àjogúnbá yẹn tó láti ba nǹkan jẹ́: bí àwọn tó tóbi bá ń lọ kí wọ́n tó bí púpọ̀, ìran tó ń bọ̀ á fúyẹ́ ju tàwọn òbí wọn lọ. Mo fi adìyẹ ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Ìlà ìwúwo wọn tó jáde lórí kọ̀ǹpútà ń lọ sísàlẹ̀ ṣáá ni.

Mo ṣàlàyé fún ìyá mi. Ó ní òun ti rò pé oúnjẹ wọn ni kò dáa mọ́. Ó ya àkùkọ pupa ńlá kan àti àgbébọ̀ méjì sọ́tọ̀, kò sì gbà kí oníbàárà kankan fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n pamọ, àwọn òròmọdìyẹ náà yàtọ̀, ojú lásán rí i.

Àfi bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe gbé ìyá mi ṣánlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n lọ wá owó wá kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ra àwọn tó kéré. Mo ta àkùkọ pupa náà, mo ta àwọn àgbébọ̀ rẹ̀, mo ta gbogbo ọmọ wọn tó ti ń dàgbà.

Ọjọ́ tí ìyá mi padà sílé, ó fara ti mí lọ síbi àgò adìyẹ.

“O ti ta àkùkọ yẹn?”

“Ẹ má bínú, Màámi. Kò sí ọ̀nà mìíràn ni.”

“Èmi náà ì bá tà á.”

Wọ́n fún mi ní oyè náà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ bi mí ní ohun tí iṣẹ́ mi wúlò fún, mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ. Lẹ́yìn náà mo tún ìṣirò náà ṣe, bóyá a lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn adìyẹ tó kù ti jọra jù, gbogbo wọn ló kéré. Kò sí èyí tí à bá ṣà nínú wọn.

Àwọn oníbàárà ṣì ń yà. Wọn á wo àwọn adìyẹ náà, wọn á kí ìyá mi pé ara á le, wọn á sì lọ ra adìyẹ àgírìkì ní Ìsọlọ̀.