Àmì Pupa Lára Ilé Ìdáná Ìyàwó Mi

Bí ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, ní Ìkọ̀lé àti ní àwọn ìlú tó yí i ká. Apá kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ, èyí tó dá lórí bí a ṣe ń kó ìjọba níjàánu. N óò kọ́kọ́ bọ́ gíláàsì ojú mi sórí tábìlì kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀. N óò wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbára tí òfin kò bá fún aláṣẹ, aláṣẹ kò ní in; pé ẹni tí a bá fẹ́ fi ìyà jẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀; pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó dá ẹjọ́ tó kan òun fúnra rẹ̀. Wọn a kọ ọ́, wọn a há a sórí, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìdánwò bá parí. Èmi kò gbàgbé. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán ni.

Ní ọdún kejì tí àwọn sọ́jà kúrò lórí oyè tí ìjọba alágbádá dé, mo ti fẹ̀yìn tì, káńsù wa sì dédé ránnú mọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Mo ti Òyé dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá ìyàwó mi tó fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ ìbàdí níwájú ilé ìdáná rẹ̀. Alámọ̀ ni ilé ìdáná náà, a fi páànù bò ó, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbi tó kọjú sí títì. Ibẹ̀ ló ti ń dín gààrí. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ márùn-ún kọjá ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí owó oṣù tíṣà nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn ún ní àmì àgbélébùú tó ga tó ènìyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ó súnmọ́ gọ́tà jù, àti pé bí a kò bá wó o láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, katakata yóò wá wó o.

Mo bi í pé, "Ta ló kùn ún?"

"Wolé-wolé ni. Ọmọ tí ẹ kọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, ó dìde, ó kùn ún."

"Ǹjẹ́ ó bi ọ́ ní ìbéèrè kankan kó tó kùn ún?"

"Ó bi mí. Ó ní, 'Màmá, ṣé ara le?'"

Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka ìwé yìí: inú mi dùn. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi àpẹẹrẹ inú ìwé kọ́ni, ọ̀kan wá bá mi nílé lọ́sàn-án gangan. Mo wọlé, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo sì kọ ìwé ẹ̀hónú olójú ewé mẹ́sàn-án sí káńsù.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwé ni ẹ ń kọ? Ẹ lọ bá alága káńsù nílé rẹ̀, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ṣáà jọ wà ní kíláàsì kan náà."

Mo ní, "Ojúsàájú nìyẹn. Ẹ̀tọ́ ni mo ń bèèrè."

"Kò burú. Bí katakata bá dé, ẹ ka ìwé náà fún un."

Ní ọjọ́ kẹrin, káńsù fèsì. Ìwé náà dára, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọ́n ní nítorí ẹ̀hónú tó pọ̀, àwọn ti yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí yóò gbọ́ tẹnu gbogbo ẹni tí a kùn ní ọ̀dà, àti pé nítorí ìwé tí mo kà àti ewú orí mi, èmi ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n so orúkọ àwọn olùpẹ̀jọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílùú wa: kò sí ìgbìmọ̀ kan tí a lè yàn, ìbáà jẹ́ ti omi ẹ̀rọ tàbí ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, kí a má fi tíṣà àgbà kan sí i. Ẹni tó kọ ìwé yẹn wá ẹni tó kàwé, kò wo ẹni tó pẹjọ́.

Ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ rajó. "Ó parí! Ẹ gbé ìjókòó, ẹ dá mi láre, ká lọ jẹun."

"N kò lè jókòó sórí rẹ̀."

"Ara yín kò yá ni?"

"Ọ̀rọ̀ tó kàn mí ni."

"Ṣé ọ̀rọ̀ tí kò kàn yín ni ẹ wá fẹ́ máa dá sí?"



Ní ọjọ́ kẹfà, ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn káńsù. Àwọn olùpẹ̀jọ́ kún orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù kalẹ̀ fún mi, mo sì jókòó sínú rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo rí i fín. Ní ọwọ́ ọ̀tún mi ni katikíìsì kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Ní ọwọ́ òsì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ wà. Wolé-wolé ọ̀hún ni.

Mo dìde, mo bọ́ gíláàsì ojú mi. Mo ṣàlàyé fún àwọn ará ìlú pé ẹjọ́ tèmi ló ṣíwájú, àti pé nítorí náà mo sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí àga yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo yí tábìlì po, mo dúró níbi tí olùpẹ̀jọ́ ń dúró sí, mo wá nàka sí akọ̀wé.

"Ìwọ náà dìde. Ìwọ lo kun ọ̀dà, o kò lè gbọ́ ẹjọ́ ọ̀dà."

Ó dìde wùyà. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, sà."

"Mo kọ́ ọ. Ìwọ ni o kò gbọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Katikíìsì gbójú sókè, ó ní, "Èmi náà ńkọ́?"

"Ẹ máa bínú, sà. Ẹ kò lè dá ẹjọ́ àbúrò yín."

Ó ti dé fìlà kí n tó sọ ọ́ tán. Ó jọ pé ebi ti ń pa á láti àárọ̀. Bí gbọ̀ngàn ṣe kù sí àga mẹ́ta tí kò sẹ́nì kan lórí wọn nìyẹn. Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Jórinjórin kan tí wọ́n kun ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀dà dìde láti ẹ̀yìn.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn gan-an ni. Ta ni yóò wá gbọ́ tiwa báyìí?"

Ìwé tí mo fi kọ́ni kò dé ibẹ̀ yẹn.

Ìyàwó mi kò bá mi jà nígbà tí mo délé. Ó gbé iyán tútù síwájú mi, ó ní, "Ẹjọ́ tí wọ́n ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ jù ú sínú kànga." Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó agbada gààrí àti àwọn asẹ́ rẹ̀ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń to wọ́n sí kọ̀rọ̀ iyàrá mi, láàárín àwọn ìwé mi. Kí obìnrin tó ti dáná níbi kan fún bí ogún ọdún ó máa kó ẹrù rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó le ju ìjà lọ.

Káńsù wá ẹni tí kò ní ẹbí ní Ìkọ̀lé. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ìdó, ọmọ Ìkọ̀lé ló fi ṣaya. Ti Òyé, ọmọ rẹ̀ ni jórinjórin yẹn ń bá ṣiṣẹ́. Ìgbà tó di ọjọ́ kejìlá ni wọ́n tó rí màmá kan láti Ùsì, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kúrú, ó gbé báàgì kan kọ́ apá, ó gun ọ̀kadà wá sí ẹnu ọ̀nà wa gan-an. Ó ní òun kì í jókòó sí gbọ̀ngàn dá ẹjọ́ ilé tí òun kò tíì fojú rí.

Mo ti múra sílẹ̀ dè é. Ìwé mi ti di ojú ewé mọ́kànlá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Nígbà tí mo dé ojú ewé kẹfà, ó nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ni ilé ìdáná yìí?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ni mo bèèrè. Ta ló ń lò ó?"

Mo nàka sí ìyàwó mi, tó fara ti ògiri.

"Wolé-wolé, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu wọn kí ẹ tó kun ọ̀dà?"

"Rárá, mà."

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń kọ̀wé, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu wọn?"

Ojú ewé mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀.

Ìyàwó mi súnmọ́ wa. Ó ní, "Ulé yìí ti wà kí gọ́tà tó dé. Ọ̀hún ni gọ́tà ń gbà tẹ́lẹ̀. Káńsù ló wá yí i síbí nígbà tí wọ́n la títì, àwọn tó gbẹ́ ẹ sì mu omi lọ́wọ́ mi."

Màmá Ùsì ní kí wolé-wolé mú ìwé òfin jáde. Kò mú un wá. Ó gun ọ̀kadà lọ mú un ní káńsù, ó dé tòun ti òógùn, ó ṣí i. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan sórí gọ́tà, tàbí sí ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i, lẹ́yìn tí a bá ti gbẹ́ ẹ. Òfin kò fún káńsù lágbára kankan lórí ohun tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Síbẹ̀, màmá fa tépù yọ nínú báàgì, ó wọn àárín ilé ìdáná àti gọ́tà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni.

Ìyàwó mi ní, "Ìyẹn náà ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ yìí. Kò dúró."

Màmá ní kí wolé-wolé fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Mo ti ń ká ìwé mi, mo ti ń múra láti sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, kí n tó rí i pé màmá kò tíì ká tépù tirẹ̀. Iwájú ilé ló ń wò. Mo ní pèpéle kan níbẹ̀, oníkọnkéré, tí mo kọ́ ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, kí n lè máa jókòó síbẹ̀ ka ìwé ìròyìn kí àwọn ènìyàn sì máa rí mi kí. Ó dùbúlẹ̀ sórí gọ́tà láti etí kan dé èkejì. Omi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé.

Wolé-wolé ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

Màmá ní, "Ẹ dúró ná. Bàbá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ tẹnu yín kó tó kùn ún. Kí lẹ rí sọ?"

Gbogbo wọn wò mí. Àwọn aládùúgbò ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ìyàwó mi rọra ní, "Ẹ sọ̀rọ̀, Tíṣà. Wọ́n ń gbọ́."

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó wúlò fún pèpéle.

Mo ní, "N kò ní nǹkan kan láti sọ."

Wolé-wolé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, ó dìde, ó kùn ún. Ó wá yíjú sí mi tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Sà, ṣé mo ṣe é bó ṣe yẹ lọ́tẹ̀ yìí?"

Kí ni tíṣà lè sọ? Mo ní ó ṣe é bó ṣe yẹ.

N kò jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ kẹta ni mo ti ní kí wọ́n fọ́ pèpéle náà. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn mi, nínú èéfín. Ìyàwó mi gbà mí láyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bó ẹ̀gẹ́. Mo bi í pé òfin wo ló fún un ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó na ọ̀bẹ sí mi, ó ní kí n yára, pé ẹ̀gẹ́ náà pọ̀.