Àdúrà Tó Tú Ìlà Wa Ká

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́. Àwọn tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà ṣì ń pàdé ara wọn ní Bódìjà, wọ́n á sì ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Èmi ni ẹni yẹn.

Àbúrò mi Tinúadé, tí a jọ ṣe ẹgbẹ́ olùkọ́ nígbà kan, ló dé láti ìlú Òyìnbó. Ó ti ṣe káńsẹ́lọ̀ níbẹ̀ fún sáà méjì: ọmọ Ìbàdàn tó ń kan ilẹ̀kùn wọn nínú òtútù, tó ń tọrọ ìbò, tí wọ́n sì yàn án. Nígbà tó ní òun fẹ́ ṣe é nílé, inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó jọ, a sì ń bá a rìn láti ilé dé ilé.

Agbaṣẹ́ṣe kan ló ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Kò rí nǹkan mìíràn sọ sí i ju pé, "Òyìnbó ni. Kò mọ àgbà kí."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé, wọ́n kó wa sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan. Kò sí ìwé ìdìbò. Olùdíje á dúró níwájú, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì ka orí. Ìlà wa gùn ju tiwọn lọ. Àwọn ọmọ gáréèjì láti Challenge jókòó sórí fẹ́ǹsì, wọ́n ń wò wá.

Ìgbà náà ni Bàbá Alága wọlé, àgbà ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbaṣẹ́ṣe.

"Lọ kí wọn," mo sọ fún Tinúadé létí.

"Ẹ̀gbọ́n, báyìí? Wọn ò tíì ka èèyàn wa o."

"Tí o ò bá lọ, wọ́n á ní òótọ́ ni. Kúnlẹ̀, kí o máa bọ̀ kíá."

Ó lọ. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, àdúrà bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, wàá dàgbà, wàá darúgbó."

"Àmín, sà."

"Ohun tí o wá wá sílé, wàá rí i."

"Àmín, sà."

Àdúrà ò tán. Ta ló máa dìde lábẹ́ ọwọ́ àgbà? Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn ìlà wa pé, "Ó ti juwọ́ sílẹ̀! Ó ti lọ tẹríba fún wọn!" Àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí ju orúnkún tó wà nílẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá sẹ́yìn agbaṣẹ́ṣe, ẹnì kan, ẹni márùn-ún, kó tó di pé wọ́n ń rọ́ lọ.

"Ẹ dúró! Ìkíni lásán ni!" Èmi ni mo ń kígbe bẹ́ẹ̀.

Bàbá la ojú kan, wọ́n wo ìlà wa, wọ́n sì tún dì í. "Mo tún sọ fún ọ, ọmọ mi…" Ìgbà tí wọ́n fi máa gbọ́wọ́ kúrò, ọ̀gá ìdìbò ti ń ka orí. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá péré ló kù lẹ́yìn ibi tí Tinúadé dúró sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o.

Mo bẹ Tinúadé. Ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀ nù. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́hùn-ún ní kí n yéé kúnlẹ̀ kí àwọn arúgbó lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò gbọ́."

Ó padà lọ. Wọ́n tún ti yàn án níbẹ̀. Àdúgbò ẹlòmíràn ló ń tún ṣe, gọ́tà tiwa ṣì dí. Èrè wa kò ju àwọn mọ́kànlá yẹn lọ. Wọ́n ṣì ń wá sí pálọ̀ mi, ọ̀kan nínú wọn sì ti ní òun máa díje. Mo sọ fún un pé kó lọ kí gbogbo àgbà nílé wọn kí ọjọ́ ìdìbò tó pé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Bàbá Alága ní báńkì ní Dùgbẹ̀.

"Tíṣà wa! Ọlọ́run á dá yín sí."

Ọwọ́ wọn ti ń bọ̀ lórí mi. Orúnkún mi ti fẹ́ tẹ̀, bó ṣe máa ń tẹ̀ láti kékeré. Mo nàró. Mo ṣe àmín ní ìdúró.