Ọjọ́ Tí Iléeṣẹ́ Aṣọ Ṣílẹ̀kùn fún Ẹbí

Òórùn aṣọ tuntun ni mo fi mọ bàbá mi nígbà èwe mi. Kì í ṣe ti aṣọ inú àpótí o. Òórùn òwú, epo ẹ̀rọ àti aró gbígbóná tó máa ń bá a wọlé láti iléeṣẹ́ ìhunṣọ ní Ìsọlọ̀. Yàrá kan ṣoṣo la háyà, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè iléeṣẹ́ láràárọ̀, tí àwọn lọ́rì ńlá ń kọjá títí ìkòkò fi ń gbọ̀n lórí sítóòfù. Ìgbà owó epo ni. Gbogbo ilé ló ń ra rédíò tuntun. Bàbá mi náà ra tiẹ̀, á sì yí i sókè débi pé àwọn ará ilé á máa fọwọ́ dí etí. Ìyá mi ní ìgbéraga Èkó ló ń dà á láàmú.

Jẹ́ kí n kúkú sọ bó ṣe rí fún ọ: ìyá mi ti pinnu láti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò tíì sọ fún un. Àǹtí tó wà ní yàrá kejì ló sọ fún, èmi sì wà nítòsí tí mò ń pa ẹ̀pà. Ó ní bí ọlidé gígùn bá ti ń parí lọ, òun á kó àwa ọmọ padà sí Ṣakí, nítorí òun ò wá sí Èkó wá máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá mi ni pé ìyàwó tó gbẹ́kọ̀ọ́ kì í wo ọkọ lójú. Bó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á kúnlẹ̀, á dojú kọlẹ̀, á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ tẹnu rẹ̀. Bàbá mi á máa bu òkèlè lọ bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ìgbà tó bá sì máa sọ̀rọ̀, bí ẹni ń jà ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni ìyá mi fẹ́ ní Ṣakí. Ó wá gbà pé obìnrin mìíràn ti wà níbì kan, bóyá lọ́nà Òkè-Àfà, bóyá níbi iṣẹ́ gan-an. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn bàbá mi, mi ò sì fẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọlidé yẹn, ọmọ Èkó ń jáde ṣáá ni. Àwọn ọmọ lánlọ́ọ̀dù wa ti lọ wo ibi tí wọ́n kó ère àtijọ́ sí, wọ́n ti lọ sétí òkun, wọ́n sì ń ṣe fáàrí fún wa. Ìgbà náà ni iléeṣẹ́ bàbá mi ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú ìyàwó àti ọmọ wá wo ìpàtẹ. Wọ́n pa àtíbàbà síwájú géètì, wọ́n fi àǹkárá oríṣiríṣi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ síta, láti orí òwú inú àpò títí dé orí ìgàn aṣọ, kí ọmọdé lè fọwọ́ kàn án. Mo ki ọwọ́ bọ òwú náà títí dé ìgúnpá, àfi ìgbà tí ọlọ́dẹ lé mi. Wọ́n pín mínírà àti búrẹ́dì fún wa. Ìyá mi ró ìró tó fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ohun tó ń wá.

Fọ́máànù wá kó wa wọ ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Háà, mi ò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo pe àbúrò mi, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Bàbá mi wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, torí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ kí àlejò lè rí i. Kò rí wa. Òun àti ọkùnrin kan tó wà lódìkejì ń sọ̀rọ̀: wọ́n ń la ẹnu gbàgà, wọ́n ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, ojú ẹnìkíní ò kúrò lẹ́nu ẹnìkejì. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín! Ó pẹ́ tí a ti rí ẹ̀rín yẹn nílé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀yìn sí i, ọ̀rọ̀ dá. Bàbá mi ní láti rìn yí ká lọ fọwọ́ kàn án léjìká kí wọ́n tó tún máa bá a lọ.

Bí a ṣe jáde, ìyá mi bi fọ́máànù bóyá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

"Ojú la fi ń gbọ́rọ̀ níbẹ̀, màmá," ni ọkùnrin náà wí. "Ariwo ẹ̀rọ ti ba etí wa jẹ́. Nílé pàápàá, bí ọ̀pọ̀ wa ò bá rí ẹnu yín, a ò gbọ́ yín."

Ìyá mi wá bẹ́ǹṣì jókòó lé. Ó fi etí ìró nu ojú, mo rò pé ẹnìkan kú ni. Ó ní, "Á jẹ́ pé kò gbọ́ mi. Látọjọ́ yìí, kò gbọ́ mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan orúnkún bàbá mi, ó dúró títí ọkùnrin náà fi wò ó, ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ kú iṣẹ́." Òkèlè dúró lọ́wọ́ bàbá mi. Ó pẹ́ kó tó sọ fún wa pé òun náà ti rò pé Èkó ti yí ìyàwó òun padà ni, pé kò fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ mọ́.

A ò lọ sí Ṣakí mọ́. Àwọn àgbà tó wá kí wa láti ilé ṣe hàà, wọ́n ní Èkó ti ba ìyàwó jẹ́, ó ń wo ọkọ lójú kòrókòró. Ìyá mi kì í bá wọn jiyàn. Èmi náà ò rò pé ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ ọ burú. Ìfẹ́ ló fi ń dojú bolẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ènìyàn lè bọ̀wọ̀ fún ẹni títí tí onítọ̀hún á fi rò pé wọn ò fẹ́ òun mọ́.

Lọ́jọ́ tí èmi ń relé ọkọ, gbogbo àgbà ló gbà mí níyànjú kí n tẹríba. Nígbà tó kan ìyá mi, ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá kúnlẹ̀ tán, gbójú sókè." Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn. Bàbá mi, tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ìwúre àárọ̀ yẹn, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, òun nìkan ló ṣe àmín.