Bí Tirela Ṣe Ń Fẹ̀yìn Wọlé

Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe ń gbá iwájú ilé wa ní Kabong, nílùú Jos, tirela kan wá já irin sí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní òdìkejì. Bó ṣe ń fẹ̀yìn rìn ló ń ké pìì, pìì, pìì, awakọ̀ rẹ̀ sì tẹjú mọ́ àwòrán ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń hàn níwájú rẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọlé. Mo dúró ti ìgbálẹ̀ mi, mo ń wò ó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ pé nígbà tiwa, ọrùn ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Awakọ̀ tirela ni bàbá mi. Tíṣà tí ìjọba gbé láti Èkìtì wá sí Jos ni bàbá tirẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò ni òun fẹ́ràn ju ìwé lọ. Èdè Èkìtì ló fi ń bínú, Hausa ló fi ń ná ọjà; bó bá sì ń bá ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ èdè tó jẹ́. Àwa ọmọbìnrin mẹ́rin ló bí, èmi sì ni àkọ́bí.

Ọdún tí mo parí girama ló já bọ́ láti orí ẹrù. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ le bí igi. Bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ló ń fi yí. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ara òun ti yá. Ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ilé ìkẹ́rù sìmẹ́ńtì kan ní Naraguta ni mo tó rí òótọ́. Ọgbà ibẹ̀ há débi pé ẹ̀yìn nìkan ni tirela lè fi wọlé. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, ó ń bẹ awakọ̀ kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí pé kó bá òun gbé e wọlé.

"Baba, ka tsufa," ni ọmọkùnrin náà ń wí, pé bàbá mi ti darúgbó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín bàbá mi, èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Alhaji tó ni ilé ìkẹ́rù náà sì ti rí i. Ó ní tí oṣù yẹn bá ti parí, ẹni tó bá ṣì ń bẹ awakọ̀ ọkọ̀ mìíràn kó tó lè wọlé, kó lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ní kí bàbá mi kọ́ mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má dá a lóhùn o," ni ìyá mi wí. "Ọmọbìnrin wo lẹ rí tó ń wa tirela?"

Bàbá mi jẹun tán kó tó fèsì. "Mi ò tíì rí i," ó ní. Ó kọjú sí mi. "Àárọ̀ Sátidé. Wọ bàtà tó le."

Rayfield ló gbé mi lọ, sí pápá kan tí àwọn awakùsà ti fi sílẹ̀ lẹ́bàá adágún tí wọ́n gbẹ́. Ọyẹ́ ń ta wá létí. Ó to òkúta sí apá méjì bí ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ̀ yìí, méjì ni," ó ní. "Orí wà níwájú, ara gùn ún lẹ́yìn, ó sì ń yí lórí irin róbótó tó gbé e. Bí o bá fẹ́ kí ìdí rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, òsì ni kí o yí sítíárìn sí. Lẹ́yìn náà kí o tètè tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á kákò lu ara wọn."

Etí mi gbọ́, ọwọ́ mi ò gbọ́. Sátidé méjì àkọ́kọ́, kò sí òkúta tí mi ò gùn. Ní ìkẹta, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń wò, mi ò mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ ti yà sápá adágún.

"Tẹ̀ ẹ́! Tẹ búrèèkì!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ń retí ìgbátí, ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ó mú mi rìn yí ọkọ̀ náà ká títí dé ìdí táyà ẹ̀yìn. Ilẹ̀ tó kù kò ju ẹsẹ̀ kan lọ.

"Bí o kò bá mọ ibi tí ìdí rẹ̀ wà, dúró, sọ̀ kalẹ̀, lọ wò ó," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń lé ọ."

Mo rò pé òun ló máa wà á kúrò níbẹ̀. Ó ní kí n padà gòkè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù náà, a dé Naraguta pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ tí mo bọ́ sídìí sítíárìn, Alhaji dìde.

"Kai! Yarinya ce?" Ó ń bi í bóyá ọmọbìnrin ni lóòótọ́.

"'Yata ce," ni bàbá mi dá a lóhùn. Ọmọ mi ni.

Awakọ̀ kan ń pariwo òsì, òmíràn ń pariwo ọ̀tún. Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn yí ọkọ̀ ká; wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín dínkù. Ní ìgbà kẹta, tirela wọlé láìfara kan ògiri. Alhaji kò yìn mí, kò bú mi. Ó kàn ní kí àwọn aláàárù máa já ẹrù.

Kò pẹ́ tí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ ní Jos, ṣùgbọ́n Sátidé jẹ́ ti Naraguta fún ọdún mẹ́ta, títí bàbá mi fi ta ọkọ̀ náà. Tíṣà ìṣirò ni mo padà dì. Bàbá mi ti lọ, Alhaji ti lọ, ilé ti kún pápá Rayfield, wọ́n sì ti fi wáyà yí adágún náà ká. Síbẹ̀, nígbà tí mo ń kọ́ni, ọmọ tí ìṣirò bá dàrú mọ́ lọ́wọ́, mi ò kì í nà án. Mo máa ń ní kó gbé kálàmù sílẹ̀, kó padà lọ wo ibi tó wà.

Bàbá mi kò fi ẹnu yìn mí rí. Ní oṣù àkọ́kọ́ wa ní Naraguta, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń dúró sí, tí á máa pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi há. Nígbà tó yá, ó ń jókòó tì mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọgbà náà tán, mo yíjú sí i láti bi í bóyá mo ti jìnnà sí ògiri tó. Ó ti fi orí ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń hanrun.