Àpá Kajú

Òórùn kajú tó ń jóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá wa ń yan án nínú agbada lẹ́yìn ilé, ní Bathurst, olú ìlú Gáḿbíà, kí wọ́n tó sọ orúkọ ìlú di Banjul. "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèpo yẹn o," ni wọ́n máa ń wí, "omi inú ẹ̀ ń bó èèyàn lára bí iná."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Àbúrò mi, Sàlámọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá wa wà lókè odò, wọ́n ń ta aṣọ kiri.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn wolé-wolé ń bọ̀ wá gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ nítorí ìgbóná àti èéyi. Kí ìyá wa tó gbọ̀nà ọjà lọ, wọ́n pàṣẹ fún mi: "Tí wọ́n bá dé, mú àbúrò ẹ dání, kí ẹ lọ tò." Èmi tí mò ń fi ọwọ́ lásán mú akàn, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí! Bí mo ṣe gbọ́ igbe ọmọ àkọ́kọ́, mo fa Sàlámọ̀ lọ́wọ́, ó di etíkun. A sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi kan títí wọ́n fi lọ.

Ó ku ìṣòro kan. Ẹni tí wọ́n bá gún fún ìgbóná, apá rẹ̀ á lé róró, á sì sé èépá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á padà wá wò ó. Ọpọlọ mi wá ṣiṣẹ́ bí kò ṣe ṣiṣẹ́ rí níléèwé. Mo fi igi tín-ín-rín kán omi èèpo kajú sí apá mi, mo sì kán an sí ti Sàlámọ̀. Ó jó wa ju abẹ́rẹ́ mẹ́wàá lọ. Ọmọ náà sunkún títí, ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọn ò ní gún wa mọ́?" Mo ní ó ti tán.

Nígbà tí ìyá wa rí ìléróró náà, inú wọn dùn. "Ẹ kú akin, ẹ̀yin ọmọ mi." Wolé-wolé tó padà wá náà wo apá wa, ó ní, "Baax na," bí àwọn Wolof ṣe ń sọ pé ó dára, ó sì kọjá sí ilé kejì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èéyi wọ àdúgbò, ó mú Sàlámọ̀. Ìyá wa ò tiẹ̀ gbé e lọ sọ́sibítù. Wọ́n rò pé ooru ló sú sí i lára. "Wọ́n mà ti gún ọmọ yìí," ni wọ́n ń sọ ṣáá, tí wọ́n ń fi omi ewé wẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ojú ọmọ náà dé pátápátá, ó ń mí gúlegúle. Ìyá wa tún ní, "Wọ́n mà ti gún un." Mo jẹ́wọ́.

Mo ń retí ìgbájú. Kò wá. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pọn ọmọ náà, wọ́n sáré jáde láìwọ bàtà.

Sàlámọ̀ yè. Ojú òsì rẹ̀ kò là mọ́.

Mi ò pẹ́ níléèwé. Mo lọ ń fọ ìgò nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún èèyàn gba ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń wá kòkòrò ibà nínú rẹ̀ lábẹ́ awò amúǹkantóbi; iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ wa ń pè mí ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó dá mi lójú jù lọ, mi ò rí i lábẹ́ awò: ẹni tó ń sá fún ìtọ́jú kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ ló ń ná sórí sísá náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi pariwo mọ́ aláìsàn tó bá purọ́ fún mi. Mo kàn máa ń bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Sàlámọ̀ ló sìn mí lọ. Mo kọjú sí ògiri, mo ń làágùn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gún èèyàn látijọ́, Bàbá?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀," ni Sàlámọ̀ dáhùn, ó di ọwọ́ mi mú, "ẹ ṣáà tètè gún wọn kí wọ́n tó sá lọ. Èmi mọ̀ wọ́n."

Ẹ̀rù náà kò fi nǹkan kan dín sí ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo kàn na apá mi ni.