Ìsàlẹ̀ Tí Ràṣídátù Mọ̀

Ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Làmídì, ọkọ Ràṣídátù, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù alájà mẹ́ta kan ní Kùtọ̀nú. Òkè pátápátá ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ràṣídátù, ọmọ Pobè tó ń rán àpò tó bá ya fún àwọn oníṣòwò nítòsí èbúté, ń gun àtẹ̀gùn yẹn láràárọ̀ fún oṣù kan gbáko. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò mọ̀ mọ́ pé ó rẹ òun.

Ohun kan ló mọ̀. Aláìsàn tí ara rẹ̀ bá ti ń yá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Nítorí náà, tó bá ti kírun tán, àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà, pé kí Ọlọ́run gbé Làmídì wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ má bú u. Lójú tiwa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò ní ju òkè àti ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn Faransé ló ráyè sọ àjà lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sọmọ lórúkọ.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ó bá bẹ́ẹ̀dì Làmídì lófìfo. Dókítà ní kí Adéoyè, ọmọ Kétu tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, bá òun ṣe ògbufọ̀. Adéoyè wolẹ̀ títí.

"Ìyá," ó ní, "Bàbá ti wà ní ìsàlẹ̀."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ó di odindi nínú Ràṣídátù lóòótọ́, àmọ́ odindi míì ni.

Kò dúró bi í léèrè. Ó gba àdúgbò Cadjèhoun lọ sílé, ó mú ẹ̀wù funfun ọkọ rẹ̀ àti bàtà tí yóò wọ̀ bọ̀, ó padà. Ó wo bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá tó wà nísàlẹ̀, kò rí i. Ó wá Adéoyè rí, ó bi í pé ta ló gbé ọkọ òun.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ìsàlẹ̀ míì wà lábẹ́ ibí yìí."

Ó tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ tutù. Wọ́n ṣí aṣọ lójú òkú, wọ́n ní ṣé òun nìyí, ó ní òun ni. Kò sunkún. Ó tẹ́ ẹ̀wù náà lé Làmídì láyà, ó tún ọrùn ẹ̀wù náà ṣe.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Adéoyè, "bá mi gbé e padà sókè."